Ilé bábékíù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́: ibi tó yẹ kí owó yín lọ

Bí ẹ bá pé mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé bábékíù ni kí ẹ forí lé. Ẹran ńláńlá ni wọ́n ń yan níbẹ̀, odindi ni wọ́n sì ń gbé e sórí ààrò; kì í ṣe oúnjẹ àdájẹ. Ẹni tó bá dá lọ á jẹ irú ẹran kan, bó pọ̀ tán méjì. Ẹni mẹ́fà tó yí tírè kan ká á tọ́ gbogbo ohun tó wà nílé wò, owó tí kálukú máa dá kò sì ní ju ti adájẹ lọ. Ohun tó ń ba ìjáde náà jẹ́ ni pé àwọn èèyàn ń lò ó bíi ilé oúnjẹ yòókù: wọ́n á dé nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí wọ́n se tiwọn, wọ́n á wá jókòó de alásè. Alásè ti ṣe tiẹ̀ tán. Ẹran tí ẹ fẹ́ jẹ ní aago kan ọ̀sán ti wà nínú èéfín láti òru. Kò sẹ́ni tó lè mú un yá, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà sí bó ṣe rí ní wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn. Nítorí náà, àkókò la fi ń díwọ̀n irú ilé yìí, ká tó sọ̀rọ̀ sọ́ọ̀sì, ká tó sọ̀rọ̀ àga àti fìtílà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ ń lọ. Àwọn kan ń fi èéfín àti ooru pẹ̀lẹ́ yan ẹran fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ààrò tó ní ìdérí, tí ooru inú rẹ̀ sábà ń wà láàárín 107°C sí 135°C. Àwọn mìíràn ń yan án kíákíá lórí ẹyin iná gbangba. Ìkẹta ni ibi tí ààrò ti wà láàárín tábìlì, tí ẹ ó fọwọ́ ara yín yan án. Irú kìíní ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, torí òun ló ṣòro ṣe jù, òun náà ló sì máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni jù. Ti irú kejì kò gùn: ẹ jẹ ẹ́ bó ṣe ń ti orí iná bọ̀, ẹ má jẹ́ kó dúró. Ní irú kẹta, ẹ bèèrè ẹ̀mú méjì, ọ̀kan fún ẹran tútù, ọ̀kan fún èyí tó ti jinná, kí ẹ má sì kó ẹran jọ pelemọ sórí ààrò. Bó bá ti pọ̀ jù níbẹ̀, omi ara rẹ̀ ni yóò máa hó, kò ní yan, àwọ̀ rẹ̀ á sì wá rí ràkọ̀ràkọ̀.

Kí ẹ tó wọlé ni imú yín ti lè sọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Èéfín tó dára fẹ́lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, òórùn rẹ̀ sì ń fa ọ̀fun. Bó bá jẹ́ èéfín funfun tó ki, tó ń ta ojú, iná náà kò rí afẹ́fẹ́ tó, tàbí kí igi tí wọ́n ń kó sí i tutù. Igi tó dára fún iṣẹ́ yìí ti gbẹ débi pé omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ. Igi tútù á máa kú fìnfìn láìjó, èéfín kíkorò rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ara ẹran. Ẹ ó jẹ ẹ́ tán, ahọ́n yín á ṣì máa ṣe bí ẹni pé ó kú. Igi líle ni wọ́n ń lò, bí igi óòkù, hickory, igi ápù tàbí igi ṣẹ́rì. Igi páìnì àti àwọn igi olóje yòókù kò wúlò níbẹ̀, oje wọn ló ń jó di èéfín burúkú. Bí ẹ bá sì gbóòórùn epo tí wọ́n fi ń tan èédú lára ẹran, kò sí àlàyé kankan tó lè tún un ṣe.

Ẹ wo ẹ̀yìn ilé bóyá igi wà níbẹ̀. Àwọn ilé kan ń lo ààrò gáàsì tàbí ti iná mànàmáná, wọ́n á wá sọ ègé igi díẹ̀ sínú rẹ̀ fún òórùn. Ẹran wọn lè dára, ooru ààrò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ségesège, àmọ́ èéfín inú rẹ̀ á fúyẹ́. A ò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n kọ «iná igi» gàdàgbà síta, kí wọ́n sì gba owó iná igi lórí rẹ̀.

Ẹ pe ilé náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ má bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé igẹ̀ màlúù. Láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ẹran máa ń dùn jù. Lẹ́yìn náà, inú àpótí ìgbóná ló ń wà, níbi tí ooru gbọ́dọ̀ ti ga ju 57°C lọ kí kòkòrò àrùn má bàa rí àyè. Igẹ̀ tó wà lódindi, tí wọ́n dì dáadáa, lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó má bàjẹ́, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kan tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Èyí tí wọ́n ti gé, tàbí egungun ìhà tí kò ní ìbora, kò lè rí bẹ́ẹ̀: ó ń gbẹ ni, wákàtí dé wákàtí.

Ẹ máa fura sí ilé tí kò sí ohun tó ń tán níbẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó bá ń yan ẹran tuntun lójoojúmọ́, kò lè mọ iye ènìyàn tó ń bọ̀, nítorí náà irú kan gbọ́dọ̀ tán lọ́jọ́ kan. Bí gbogbo nǹkan bá wà pérépéré, yálà ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbé ẹran kaná lójúmọ́ (èyí dára, ẹ bi wọ́n), tàbí ti àná ni wọ́n ń gbé kaná padà. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé igẹ̀ ti tán, ẹ má bá wọn jà. Ohun tó yẹ kí ẹ ti ṣe ni kí ẹ ti ní kí wọ́n fi ìwọ̀n kan pamọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń gbà bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá pọ̀, kódà ibi tí wọn kì í ti í fi àga pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Igẹ̀ màlúù ni kí ẹ fi dán ilé wò. Àyà màlúù ni, àwọn iṣan tó ń gbé ìwúwo rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yi. Apá méjì ló ní: ọ̀kan pẹlẹbẹ, tí kò lọ́ràá púpọ̀; èkejì nípọn, ọ̀rá pín káàkiri inú rẹ̀. Ìpele ọ̀rá kan sì tẹ́ sáàárín wọn. Ohun tó mú un yi ni kọ́lájìnnì, èyí tó so àwọn iṣan náà pọ̀. Bí inú ẹran bá ti kọjá nǹkan bí 70°C ni kọ́lájìnnì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ dáadáa, àmọ́ wákàtí ló fi ń yọ́, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Odindi igẹ̀ sábà máa ń lo wákàtí 10 sí 14 kí inú rẹ̀ tó dé 93°C sí 96°C. Ibẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́ láìsí ohun tó dá a dúró.

Láàárín kan, bó bá ti dé 65°C sí 75°C, ooru inú rẹ̀ á dúró gbagidi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, iná ò sì kú. Omi tó ń jáde lára ẹran tó sì ń gbẹ lọ ló ń tù ú lára, bí òógùn ṣe ń tu ènìyàn lára. Ibẹ̀ ni sùúrù ti ń tán nínú alásè. Ẹni tó bá fi bébà tàbí fọ́ìlì dì í níbẹ̀ kò rẹ́ yín jẹ: bébà á jẹ́ kí èèpo dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì gbẹ díẹ̀, fọ́ìlì á yára jù ú lọ, àmọ́ èèpo yẹn á rọ̀. Ẹni tó bá ko iná mọ́ ọn, tàbí tó sọ ọ́ kalẹ̀ kí kọ́lájìnnì tó yọ́, òun ló ń gbé ẹran tí eyín kò ràn wá síwájú yín. Bó bá sì jinná tán, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí kan ó kéré tán. Méjì sàn jù. Bí wọ́n bá gé e gbígbóná bó ṣe ń ti orí ààrò bọ̀, gbogbo omi rẹ̀ ni yóò dà sórí pátákó, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó omi náà.

Nígbà tí tírè bá dé, ẹ gbé ègé kan láti apá pẹlẹbẹ kọ́ sórí ìka. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ sí ọ̀tún àti sí òsì láìjá. Ẹ wá fà á díẹ̀: ó gbọ́dọ̀ já nírọ̀rùn. Bí ẹ bá fà á tó ń na, kò jinná tó. Bó bá fọ́ sọ́wọ́ yín kí ẹ tó fà á, ó ti kọjá àyè rẹ̀. Bó bá tẹ̀ dáadáa àmọ́ tó gbẹ lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti gé e sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ojú tí ọ̀bẹ ti kàn ń gbẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ẹ ní kí wọ́n gé tiyín lójú yín. Apá pẹlẹbẹ, kí ègé rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 6. Apá ọlọ́ràá, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ wo ọwọ́ agéran náà: fọ́nrán apá méjèèjì kò dojú kọ ibì kan náà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yí ẹran padà bó bá dé apá kejì, kó lè máa gé fọ́nrán ní ìbú. Ẹni tó bá kàn ń gé lọ tààrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì ẹran dáadáa á sì di àjẹrẹ̀nù.

Òrùka pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lábẹ́ èèpo kì í ṣe àmì pé ẹran kò jinná. Gáàsì inú iná ló pàdé èròjà tó ń mú ẹran pupa, tí àwọ̀ náà sì dúró. Kì í tún ṣe ẹ̀rí pé èéfín wọ̀ ọ́ dáadáa; iyọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran lè mú irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láìsí èéfín rárá. Ẹni tó bá ń ya fọ́tò lè kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn dájọ́.

Egungun ìhà ni ibi tí ìpolówó ti ń ṣì wá lọ́nà jù. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń yangàn pé tiwọn ń bọ́ lára egungun fúnra rẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ó ti jinná jù, tàbí pé wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi kí wọ́n tó fi iná rá a lára. Èyí tó dára, bí ẹ bá gé e jẹ, ojú eyín yín á hàn níbẹ̀ gbangba, ibi tí ẹ jẹ nìkan ni yóò sì ṣí kúrò lára egungun. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ti bó kúrò kí wọ́n tó fi iyọ̀ àti ata pa á lára. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á dà bíi bébà lẹ́nu, adùn kankan kò sì ní gba ibẹ̀ wọlé. Alásè tí kò bó o ti ń kánjú, ẹ ó sì rí i nínú àwọn ẹran yòókù.

Ẹran èjìká ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fà ya rọrùn láti ṣe dáadáa, ó sì rọrùn láti fi rẹ́ni jẹ. Ó lọ́ràá, ó ń forí ti ìjàǹbá, ìdí nìyẹn tí ilé tí igẹ̀ rẹ̀ kò dára ṣì fi lè ní èyí tó dùn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fà á ya láti òwúrọ̀, tó wà nínú abọ́ ìgbóná, ó ti gbẹ. Sọ́ọ̀sì ni wọ́n á wá fi bò ó. Ẹ béèrè rẹ̀ láìsí sọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ti sọ́ọ̀sì nìkan ṣoṣo ló wà, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Adìyẹ kò yẹ kó gba ìdá púpọ̀ nínú owó yín. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 74°C, kò sì nílò kó pẹ́ lórí ooru pẹ̀lẹ́ rárá. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, awọ rẹ̀ á yi, àyà rẹ̀ á sì gbẹ. Bí ẹnì kan bá takú pé òun ni òun máa jẹ, kó mú itan. Pupa díẹ̀ nítòsí egungun itan kì í ṣe pé kò jinná, ẹ̀rọ ìwọn ooru ló ń sọ òótọ́. Sọ́séèjì ní tirẹ̀ tó owó rẹ̀: 71°C ni inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé torí ẹran lílọ̀ ni, awọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún pọ̀ bí eyín bá kàn án, kí omi ọ̀rá sì jáde. Bí ọ̀rá ti dà sílẹ̀ tán, tí inú rẹ̀ sì ń fọ́ bíi yanrìn, iná ti pọ̀ jù.

Sọ́ọ̀sì, ẹ ní kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ ẹnu àkọ́kọ́ nínú ẹran kọ̀ọ̀kan láìtì í bọ nǹkan kan. Èyí tí tòmátò àti ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ bá egungun ìhà mu, àmọ́ ṣúgà ń tètè jóná, nítorí náà ìgbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15 sí 30 ni alásè tó mọṣẹ́ ń kùn ún. Bó bá dúdú tó sì korò, wọ́n ti kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi fínígà ṣe ló ń gé ọ̀rá ẹran èjìká. Igẹ̀ tó dára kò bẹ sọ́ọ̀sì kankan.

Ohun kan náà tí fínígà ń ṣe ni ẹ ó fi yan oúnjẹ ẹ̀gbẹ́. Ẹran ọlọ́ràá máa ń sú ẹnu lẹ́yìn ègé bíi mẹ́ta, nǹkan kíkan àti nǹkan tútù ló ń tún un ṣí: kùkúńbà inú fínígà, àlùbọ́sà tútù, kábéèjì rírẹ́ tí mayonéèsì rẹ̀ kò pọ̀ jù. Makaróònì oníwàrà dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá lórí ọ̀rá ni, ó sì ń gba àyè ẹran tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Abọ́ ńlá kan rẹ̀ tó ẹni mẹ́fà. Ohun mímu, kó tutù, kó má dùn jù.

Ọ̀rọ̀ iye tí ẹ máa rà ló yẹ kí ẹ jókòó sọ dáadáa, torí ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìwọ̀n lẹ́yìn tó jinná ni, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tó mú un wọ́n: igẹ̀ ń pàdánù nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ láàárín ọ̀rá tí wọ́n gé dànù, omi tó gbẹ àti ọ̀rá tó yọ́. Kílò márùn-ún tútù lè má ju kílò mẹ́ta lọ lórí pátákó. Fún àgbàlagbà kan, gíráàmù 200 sí 250 ẹran jíjinná tó, bí oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ bá wà. Ẹni mẹ́fà lè mú gíráàmù 600 igẹ̀, ìdajì láti apá ọlọ́ràá, ìdajì láti apá pẹlẹbẹ. Egungun ìhà 12. Sọ́séèjì mẹ́ta tí wọ́n gé sí méjìméjì. Gíráàmù 300 ẹran èjìká. Àti abọ́ ńlá mẹ́ta oúnjẹ ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń ka ìwọ̀n egungun ìhà mọ́ ti ẹran, ẹ ń tan ara yín jẹ. Egungun wà nínú rẹ̀, iye egungun ni kí ẹ fi kà á: méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹran mìíràn bá wà, mẹ́rin sí márùn-ún bó bá jẹ́ òun nìkan.

Ẹ má ṣe gbé gbogbo rẹ̀ jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹran gígé kì í gbóná pẹ́ lórí tírè tó ṣí sílẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ á sì dì. Ẹ sanwó gbogbo rẹ̀ kó má bàa tán mọ́ yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n gé ìdajì igẹ̀ wá, kí wọ́n fi ìdajì kejì pamọ́ sínú àpótí ìgbóná lódindi títí ẹ ó fi béèrè rẹ̀. Ilé tó bá gbà láti ṣe èyí láìfajúro, ẹ padà lọ síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwo àjọjẹ tí wọ́n ti tò sórí ìwé oúnjẹ fún «ẹni mẹ́rin» tàbí «ẹni mẹ́fà». Àwọn kan dára. Àwọn mìíràn, búrẹ́dì, ọ̀dùnkún díndín àti adìyẹ ló gbalẹ̀ nínú rẹ̀, igẹ̀ á wá jẹ́ ègé mélòó kan lórí. Ẹ bi wọ́n pé gíráàmù mélòó ni ẹran kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé bí ẹ bá dá a rà ní ìwọ̀n. Níbi òṣùwọ̀n, ẹ wò ó bóyá òdo ló wà kí wọ́n tó gbé ẹran lé e, tàbí bóyá tírè àti bébà wà lára ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Bí ọ̀kan nínú yín kì í bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ìbéèrè pọ̀ ju «ṣé ẹran màlúù wà?» lọ. Sọ́séèjì màlúù lè wà nínú ìfun ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n ń sè sẹ́gbẹ̀ẹ́ sábà máa ń ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú, ewébẹ̀ sísè náà nígbà mìíràn. Pátákó àti ọ̀bẹ agéran sì lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ẹran; ẹ béèrè bóyá wọ́n ní òmíràn, ẹ béèrè kí ìlà tó gùn lẹ́yìn yín. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba músítádì, sóyà tàbí àlìkámà gbọ́dọ̀ bèèrè nípa ohun tí wọ́n fi pa ẹran lára àti ohun tó wà nínú sọ́ọ̀sì. Ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá, òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí púpọ̀ fún un níbẹ̀: makaróònì, kábéèjì àti búrẹ́dì ni yóò máa jẹ nígbà tí ẹ̀yin ń fọwọ́ lá sọ́ọ̀sì. Bí irú rẹ̀ bá wà láàárín yín, ibòmíràn ló yẹ kí ẹ lọ.

Níbi tí wọ́n ti ń tò sórí ìlà, ẹnì kan ṣoṣo ni kó sọ̀rọ̀ fún gbogbo yín, kó ti kọ iye ohun gbogbo sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹni mẹ́fà tó ń bá agéran sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gé ẹran tó gbẹ fún. Ẹni náà náà ni kó sọ pé ẹ fẹ́ ìwé owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun sínú ẹ̀rọ. Ẹ ka ìwé owó náà dáadáa, torí ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń fi owó iṣẹ́ kún un fúnra wọn bí ènìyàn bá pọ̀, tí ẹ ó sì tún fi òmíràn lé e láìmọ̀. Ẹ jókòó jìnnà sí ààrò àfi bí aṣọ tí ẹ wọ̀ bá ti wà fún fífọ̀. Òórùn yẹn kì í lọ lọ́jọ́ kan.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ní kí wọ́n dì í fún yín pẹ̀lú omi ọ̀rá tó wà lórí bébà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Kó wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Bí ooru ojú ọjọ́ bá ju 32°C lọ, wákàtí kan. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló lè lò níbẹ̀. Igẹ̀ tí wọn kò tí ì gé ni kí ẹ gbé kaná lódindi, kí ẹ tú omi ọ̀rá náà lé e lórí, kí ẹ fi fọ́ìlì dì í pinpin, kó wà nínú ààrò pẹ̀lẹ́ títí inú rẹ̀ á fi dé 74°C, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Maikirowéèfù á mú etí rẹ̀ le kí àárín tó gbóná. Ẹran èjìká kò lọ́jú pọ̀ bẹ́ẹ̀: ìkòkò, omi díẹ̀, ìdérí, iná kékeré.